Ìgò Tó Mọ́

Lẹ́tà méjì ló wà lábẹ́ àtùpà lálẹ́ yìí.
Sàmárù dákẹ́, ọyẹ́ ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn bí ajá tó fẹ́ wọlé.
Ọ̀kan wúwo, òǹtẹ̀ rẹ̀ tóbi bí ìdérí ife:
yunifásítì tí mo ti ń fọ ìgò fún láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Èkejì fẹ́lẹ́, wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ ọmọ mi sí i:
kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lórí òkè, lọ́nà Jọ́ọ̀sì,
irinwó akẹ́kọ̀ọ́ péré, kò sí ilé alájà kankan.
Ìyá tó jẹ́ olórí ibẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Ó kọ sí ìsàlẹ̀ pé,
"Mosúnmọ́lá, a ka àròkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Lẹ́ẹ̀mejì!
Ta ló ka nǹkan tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì rí?

Mo mọ ilé ńlá yẹn láti ìsàlẹ̀ wá,
bí aránbàtà ti í mọ ènìyàn.
Mo mọ gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀ta ọmọ ti ń gbọ́ ohùn kan ṣoṣo,
tí àwọn tó pẹ́ dé ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú fèrèsé.
Mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó lo ọdún mọ́kànlá lórí koríko kan,
olódòdó àlùkò, arẹwà, olè,
tó ń mu ọkà bàbà lọ́mú lábẹ́ ilẹ̀ títí ọkà yóò fi gbẹ.
Àwọn àgbẹ̀ ibí ń pè é ní wútà-wútà: iná, iná.
Èmi, Bàbá Ìgò ló ń pè mí.
Ó fẹ̀yìn tì láìmọ̀ pé Àkànjí lorúkọ mi.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́.
Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Ìgò, wá wò."
Mo fojú lé awò tó ń sọ kékeré di ńlá.
Hóró kan tí kò tó iyanrìn
ti na ìka, ó ń wá gbòǹgbò tí kò rí.
Báwo ló ṣe mọ̀ pé ọkà wà níbẹ̀?
Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, mo gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Kò tíì gbé e sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní ibi tó lórúkọ ni kó lọ.
"Bí wọ́n bá bi mí ní Ọ̀fà, ṣé òkè ni n ó máa júwe?"
Màlámù Tànímù tó ń kọ́ ọ ní bàọ́lọ́jì ní ká kọ́kọ́ ṣírò owó oúnjẹ.
Ti òkè ni mò ń ṣe ní tèmi. Mo fẹ́ ibi tí wọn yóò ti mọ̀
bí kò bá wá sí kíláàsì; tí wọn yóò ti bi í
ta ló sọ koríko ní iná, ebi wo ló ń pa á lọ́jọ́ náà;
tí ẹni tó ń ka sáyẹ́ǹsì yóò ti ka ìtàn, ka ewì,
kó jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú,
kó tó yan ohun tí yóò jẹ́.
Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ gùn. Tíì tutù.

Ó gbọ́ mi tán. Ọmọ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni.
Ó ní, "Bàmi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ ti ń fọ ìgò wọn.
Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ohun tí wọ́n ń dà sí i."

Kí ni mo fẹ́ wí?
Ó ti ká lẹ́tà fẹ́lẹ́ sí méjì, ó fi í sínú ìwé rẹ̀, kò jù ú nù.
Ó ní òun á kọ̀wé sí ìyá yẹn.
Ó ní òun á mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀.
Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kìn-ín-ní.

Mo dìde, mo bu omi, mo mú ife dígí kan.
Mo ní, wá, kí n kọ́ ọ ní ohun tí wọn ò ní kọ́ ọ.
Ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Dojú rẹ̀ dé. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀ àtùpà.
Bí omi bá ṣẹ́ jọ ní ẹyọ-ẹyọ bí òógùn,
ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀, ojú ò kàn rí i ni.
Bí ó bá tẹ́ bí aṣọ tí a ò rí ojú rírán rẹ̀,
ó mọ́.

Ó gbé e sókè. Ó wò ó pẹ́.
"Bàmi," ó ní, "ẹ tún un fọ̀."